Àwọn Pílánẹ́ẹ̀tì Alápàáta Mẹ́rin: Ohun Tó Pa Wọ́n Pọ̀ àti Ohun Tó Yà Wọ́n Sọ́tọ̀

Orí Kẹrin

Ète ẹ̀kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:

- dárúkọ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì alápàáta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí wọ́n ṣe tò láti ọ̀dọ̀ oòrùn;
- ṣàlàyé bí ìtóbi, jíjìnnà sí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ṣe sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di ohun tó jẹ́ lónìí;
- fi òkúta àti ilẹ̀ ilé wa ṣe ẹ̀rí nípa ohun tó wà lójú ọ̀run;
- dá Àgùàlà àti Máàsì mọ̀ lójú sánmà.

1. Àpáta abẹ́ Olódò

Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga ní Olódò, nítòsí Ìbàdàn, mọ̀ pé ibì kan ń bẹ tí ọkọ́ kò lè kọjá. Ilẹ̀ dúdú ló kọ́kọ́ ń bá, yangí pupa ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn èyí ni amọ̀, títí ọkọ́ yóò fi dún lórí àpáta. Irú àpáta yìí ló yọrí sókè láàárín oko káàkiri Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Akínyẹlé, òun náà sì ni wọ́n ń fọ́ ní kúárì láti fi kọ́lé àti láti fi ṣe ọ̀nà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wọn ọjọ́ orí díẹ̀ nínú àwọn àpáta Ìbàdàn, ohun tí wọ́n rí lé ní bílíọ̀nù ọdún méjì.

Ká ní ó ṣeé ṣe láti máa gbẹ́ kànga náà lọ, àpáta ni a ó máa bá títí a ó fi dé nǹkan bí 2,900 kìlómítà nísàlẹ̀. Láti ibẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé, irin tó pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì ni. Pílánẹ́ẹ̀tì tó bá rí báyìí, tí irin wà nínú rẹ̀, tí àpáta sì bò ó, ni à ń pè ní pílánẹ́ẹ̀tì alápàáta. Mẹ́rin ni wọ́n, àwọn náà ló sún mọ́ oòrùn jù lọ: Mẹ́kúrì, Àgùàlà tí àwọn ìwé mìíràn ń pè ní Fẹ́núsì, Ayé tiwa, àti Máàsì.

Ohun kan náà ni a fi ṣẹ̀dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àkókò kan náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ní odò tó ń ṣàn, igbó àti oko. Kí ló fà á? Ìdáhùn tí orí yìí yóò fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ ni pé nǹkan mẹ́ta ló yà wọ́n sọ́tọ̀: bí pílánẹ́ẹ̀tì ṣe tóbi tó, bó ṣe jìnnà sí oòrùn tó, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí afẹ́fẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó lè dá dúró ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

2. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀

Nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 4.6 sẹ́yìn, ìkùukùu ńlá kan tó jẹ́ gáàsì àti eruku wó sórí ara rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di oòrùn, ìyókù sì ń yí oòrùn náà ká. Nítòsí oòrùn, ooru pọ̀ débi pé omi kò lè di yìnyín, gáàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò sì lè dúró. Irin àti àwọn èròjà òkúta nìkan ló lè fara da ooru náà. Àwọn ni eruku wọn ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, tí wọ́n di òkúta, tí òkúta ń kọ lu òkúta, títí wọ́n fi di pílánẹ́ẹ̀tì. Lọ́nà jíjìn, níbi tí òtútù wà, yìnyín àti gáàsì pọ̀ rẹpẹtẹ. Ibẹ̀ ni àwọn òmìrán bíi Júpítà àti Sátọ̀n ti jáde.

Ìkọlù wọ̀nyí mú kí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tuntun náà gbóná títí àpáta wọn fi yọ́. Irin, tó wúwo, rì lọ sí àárín. Àpáta, tó fúyẹ́ jù ú lọ, dúró sí òkè. Ìdí nìyí tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ní ìpele mẹ́ta: irin ní àárín, àpáta gbígbóná tó nípọn lé e lórí, àti èèpo líle tó tutù ní òde. Àpáta tí ọkọ́ ń kàn ní Olódò jẹ́ ara èèpo náà.

3. Àwọn mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Mẹ́kúrì | Àgùàlà | Ayé | Máàsì |
|---|---|---|---|---|
| Jíjìnnà sí oòrùn (mílíọ̀nù kìlómítà) | 57.9 | 108.2 | 149.6 | 227.9 |
| Ìbú láti etí kan dé èkejì (kìlómítà) | 4,879 | 12,104 | 12,742 | 6,779 |
| Ìwúwo sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan (gíráàmù) | 5.4 | 5.2 | 5.5 | 3.9 |
| Iye ọjọ́ ayé tó fi ń yí oòrùn ká | 88 | 225 | 365 | 687 |
| Láti yíyọ oòrùn kan sí òmíràn | ọjọ́ 176 | ọjọ́ 117 | wákàtí 24 | wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 40 |
| Ooru ojú ilẹ̀ (díńgírì Sẹ́síọ́ọ̀sì) | 430 lọ́sàn-án, −180 lóru | nǹkan bí 465 | nǹkan bí 15 | nǹkan bí −60 |
| Iye òṣùpá | 0 | 0 | 1 | 2 |

Iye kan ṣoṣo ni tábìlì yìí fi sílẹ̀ fún ooru Àgùàlà, Ayé àti Máàsì. Ìṣirò àárín gbogbo ojú ilẹ̀ wọn ni. Ní Mẹ́kúrì, ọ̀sán àti òru yàtọ̀ síra jù láti fi iye kan sọ ọ́.

Ẹ wo ìlà kẹta dáadáa. Mẹ́kúrì kéré jù lọ, síbẹ̀ ó wúwo fún ìwọ̀n rẹ̀ ju Àgùàlà lọ. Irin ló fà á: irin inú Mẹ́kúrì gba nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà láti àárín rẹ̀ dé òde, àpáta tó bò ó sì fẹ́lẹ́. Máàsì yàtọ̀ pátápátá; òun ló fúyẹ́ jù láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìtóbi àti ìwúwo ló ń pinnu agbára tí pílánẹ́ẹ̀tì fi ń fa nǹkan mọ́lẹ̀. Bí a bá gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50, lọ sí Máàsì tàbí Mẹ́kúrì, yóò fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹni bíi kílò 19 nílé. Ní Àgùàlà, yóò dà bíi kílò 45. Agbára yìí kan náà ló ń di afẹ́fẹ́ mú kó má fò lọ, a ó sì tún padà bá a níwájú.

4. Ìtóbi: kékeré ló ń tètè tutù

Ẹ̀kọ tó kún inú ìkòkò ńlá máa ń pẹ́ kó tó tutù, ṣùgbọ́n èyí tí a bù sínú ewé kì í pẹ́ tutù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí iná kan náà ni àwọn méjèèjì ti sọ̀. Bí nǹkan bá ṣe kéré tó ni òde rẹ̀ ṣe pọ̀ tó tí a bá fi wé inú rẹ̀, ooru sì ń gba òde náà jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni pílánẹ́ẹ̀tì.

Mẹ́kúrì ti tutù débi pé ó súnkì. Bí inú rẹ̀ ṣe ń dín kù ni èèpo rẹ̀ ń já, tí apá kan ń gun orí èkejì, ó sì di òkè gígùn bíi ògiri. Ọkọ̀ òfuurufú MESSENGER, tó yí Mẹ́kúrì ká láti ọdún 2011 títí di 2015, ya àwọn ògiri wọ̀nyí. Ó tún ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòtò tí òkúta ojú ọ̀run gbẹ́ sílẹ̀, tí kò sí òjò tàbí odò tó lè pa wọ́n rẹ́. Orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọnà àti òǹkọ̀wé àgbáyé ni wọ́n fi ń pe àwọn kòtò náà. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Enwonwu, láti ọdún 2008, ní ìrántí Ben Enwonwu, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà tó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970.

Ayé kò tíì tutù. Nínú irin àárín rẹ̀, apá òde ṣì yọ́, ó sì ń rìn. Rírìn irin yìí ló sọ ayé di òòfà ńlá, òòfà náà sì ń dáàbò bo afẹ́fẹ́ wa lọ́wọ́ ohun tí oòrùn ń fẹ́ jáde láìdákẹ́. Máàsì ní irú òòfà yìí nígbà kan rí, ṣùgbọ́n ó pàdánù rẹ̀ ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni oòrùn ti ń gbá afẹ́fẹ́ Máàsì lọ díẹ̀díẹ̀, agbára tó yẹ kó fi dì í mú kò sì tó. Ohun tó ṣẹ́ kù kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa.

Ṣùgbọ́n ìtóbi nìkan kò tó. Àgùàlà fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ayé, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè gbé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá wo ìdí rẹ̀.

5. Jíjìnnà sí oòrùn, omi, àti ibi tí kábọ́nì wà

Mẹ́kúrì ló sún mọ́ oòrùn jù, ṣùgbọ́n Àgùàlà ló gbóná jù. Ẹni tó bá rò pé jíjìnnà sí oòrùn nìkan ló ń pinnu ooru yóò rí i pé èyí kò bá èrò rẹ̀ mu. Ooru Àgùàlà, díńgírì 465, lè yọ́ òjé, nítorí díńgírì 327 péré ni òjé fi ń yọ́. Ọ̀sán àti òru kò sì yàtọ̀ níbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ Àgùàlà ló fà á. Afẹ́fẹ́ náà nípọn débi pé ó ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po nǹkan bí 90 ti ayé. Ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni kábọ́nì-dáyọ́ksáídì, gáàsì tí à ń mí jáde, tí igi jíjó náà ń tú sílẹ̀. Gáàsì yìí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ooru tètè jáde. Ìkùukùu ásíìdì ló tún bo gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1970, Venera 7 ti Soviet ni ohun àkọ́kọ́ tó balẹ̀ sórí Àgùàlà tó sì ránṣẹ́ padà. Venera 13, tó balẹ̀ ní ọdún 1982, ya àwòrán òkúta ibẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 127 péré kí ooru tó borí rẹ̀.

Níbo wá ni kábọ́nì ti ayé wà? Ẹ má ṣe rò pé ayé kò ní in. Ó ní in tó nǹkan bí iye tí Àgùàlà ní, ṣùgbọ́n inú òkúta ló kó o pamọ́ sí. Bí òjò bá ń rọ̀ láti ojú sánmà, ó ń gbé díẹ̀ nínú kábọ́nì-dáyọ́ksáídì dání. Omi yìí ní ásíìdì díẹ̀ nínú, ó sì ń jẹ àpáta lọ́jọ́ pípẹ́; òun ló sọ àpáta líle di ilẹ̀ tí a ń ro ní agbègbè wa. Ohun tó jẹ lára àpáta ń bá odò lọ. Odò Ọ̀ṣun, tí wọ́n sé ní Aṣẹ́jìrẹ́ láti fún Ìbàdàn lómi, ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gba ọ̀sà Lẹ́kí lọ sókun. Nínú òkun, àwọn ẹ̀dá oníkarahun ń fi kábọ́nì yìí mọ ilé ara wọn. Bí wọ́n bá kú, ìkarahun wọn ń tò jọ sísàlẹ̀, ó ń di òkúta.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ní Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti nǹkan bí ọdún 1960. Òkun ló bo ibẹ̀ nígbà kan, nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 60 sẹ́yìn, ìkarahun àwọn ẹ̀dá òkun náà sì ṣì wà nínú òkúta rẹ̀. Òkúta Ewékorò jẹ́ kábọ́nì tí òjò gbà kúrò lójú sánmà. Lórí Àgùàlà, irú kábọ́nì bẹ́ẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, nítorí pé kò sí òjò omi tó ń dé ilẹ̀, kò sì sí òkun tó lè gbà á. Ibẹ̀ sún mọ́ oòrùn jù. Omi tó bá ní rí di oru, oòrùn sì tú oru náà ká.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì kan wà nínú èyí. Ọwọ́ òjò àti òkúta kò yá. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ni wọ́n fi kó kábọ́nì náà pamọ́. Nígbà tí a bá sun òkúta Ewékorò láti ṣe sìmẹ́ǹtì, tí a sì ń jó epo àti èédú, wéré ni a ń dá a padà sójú sánmà. Ayé kò ní torí èyí di Àgùàlà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ ohun tí gáàsì yìí ṣe sí pílánẹ́ẹ̀tì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó tiwa kò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń retí òjò lásìkò ló ń kọ́kọ́ rí àyípadà tí gáàsì náà ń mú bá ojú ọjọ́.

6. Máàsì: yangí, eruku, àti òkúta Zagami

Máàsì pupa lójú ẹni tó bá wò ó. Irin ló fà á, gẹ́gẹ́ bó ti rí pẹ̀lú yangí ojú ọ̀nà Olódò. Nínú ilẹ̀ tiwa, omi òjò àti ọ́síjìn ti dípẹtà sára irin inú àpáta títí ó fi pupa. Eruku Máàsì náà kún fún irin tó dípẹtà. Ìjì a sì máa gbé eruku yìí bo gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì náà. Ìjì ọdún 2018 bo oòrùn mọ́ Opportunity lójú, ọkọ̀ ìwádìí Amẹ́ríkà tó ti ń fi iná oòrùn rìn níbẹ̀ láti ọdún 2004. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Omi ti ṣàn ní Máàsì. Ojú odò gbígbẹ wà níbẹ̀, òkúta kótókótó tí omi yí wà níbẹ̀, ọkọ̀ Perseverance sì balẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021 sínú kòtò Jezero, níbi tí odò kan ti ń wọ adágún nígbà láéláé. Lónìí, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé omi tó bá dà sílẹ̀ yóò dì tàbí kó fò lọ. Yìnyín ló ṣẹ́ kù, ní òpin àríwá àti gúúsù àti lábẹ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ náà ni òkè oníná tó ga jù nínú ẹbí oòrùn wà, Olympus Mons, tó fi nǹkan bí kìlómítà 22 ga.

Kò sí ènìyàn tó tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta Máàsì ti dé Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, ní Zagami, lágbègbè Kàtsínà, àgbẹ̀ kan ń lé kannakánná kúrò nínú oko àgbàdo rẹ̀. Ariwo ńlá bú, èéfín yọ, òkúta kan sì jábọ́ nítòsí rẹ̀, ó gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀. Òkúta náà wọn nǹkan bíi kílò 18. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò gáàsì tó há sínú gíláàsì kéékèèké inú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó bá afẹ́fẹ́ Máàsì mu, èyí tí àwọn ọkọ̀ Viking ti wọ̀n lórí Máàsì gan-an ní ọdún 1976. Òkúta yíyọ́ tó dì ni, kò tíì tó mílíọ̀nù ọdún 200 tó ti dì; èyí fi hàn pé ooru inú Máàsì pẹ́ kó tó lọ sílẹ̀. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ohun kan kọ lu Máàsì, ó sì ta òkúta náà sójú ọ̀run. Díẹ̀ lára rẹ̀ bá ọkọ̀ Mars Global Surveyor, tó gbéra ní ọdún 1996, padà sí Máàsì.

7. Bí a ṣe lè rí wọn láti Olódò

Ní abúlé tí iná mànàmáná kò pọ̀ jù, sánmà ń hàn kedere. Àgùàlà ló mọ́lẹ̀ jù nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. A máa ń rí i níwọ̀ oòrùn lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tàbí níyọ oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí àgbẹ̀ ń lọ sóko. A kì í rí i láàárín òru, nítorí pé ó sún mọ́ oòrùn jù wá lọ, kì í sì í jìnnà sí oòrùn lójú sánmà. Àwọn àgbà ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, àwọn ènìyàn ṣebí ajá rẹ̀ ni. Wọ́n tún ní àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ìwọ̀n fìdí ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀: Àgùàlà fi ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ fẹ̀ ju òṣùpá lọ, bó bá sì tilẹ̀ sún mọ́ wa jù lọ, ó ṣì jìnnà tó nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ọ̀nà òṣùpá.

Mẹ́kúrì ṣòro rí. Kì í jìnnà sí oòrùn, ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ ló sì fi ń hàn. Máàsì wà lẹ́yìn ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà ó lè hàn láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, kì í sì í ṣẹ́jú bí ìràwọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe ní pápá ilé ẹ̀kọ́

Ẹ ya òbìrìkìtì tó fẹ̀ ní mítà kan sára ògiri, oòrùn nìyẹn. Láti ara ògiri náà ni kí ẹ ti máa wọn gbogbo ọ̀nà. Ẹ wọn mítà 42, kí ẹ gbé èso ọkà bàbà kékeré kan síbẹ̀ fún Mẹ́kúrì. Ní mítà 78, ẹ gbé èso àgbàdo kan sílẹ̀ fún Àgùàlà. Ní mítà 108, èso àgbàdo mìíràn fún Ayé. Ní mítà 164, ẹ gbé èso òtílì kan sílẹ̀ fún Máàsì. Ẹ dúró níbi Ayé, kí ẹ wo oòrùn ara ògiri. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣàkíyèsí nípa bí ààyè tó ṣófo ṣe pọ̀ tó.

Ìdánrawò

1. Kí ló dé tí irin fi wà ní àárín pílánẹ́ẹ̀tì alápàáta, tí àpáta fi wà lóde?
2. Lo tábìlì láti ṣàlàyé ìdí tí ọjọ́ kan ní Mẹ́kúrì fi gùn tó ọdún méjì tirẹ̀.
3. Mẹ́kúrì sún mọ́ oòrùn ju Àgùàlà lọ. Kí ló fà á tí Àgùàlà fi gbóná jù ú?
4. Ṣàlàyé ìrìn àjò kábọ́nì láti ojú sánmà Ìbàdàn dé inú òkúta bíi ti Ewékorò.
5. Sọ ẹ̀rí méjì tó fi hàn pé Máàsì ti ní omi tó ń ṣàn rí.
6. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé Máàsì ni òkúta Zagami ti wá?
7. Ká ní ayé kò tóbi ju Máàsì lọ, ṣùgbọ́n tó wà níbi tó wà lónìí gan-an. Kọ ìpínrọ̀ kan lórí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí òòfà rẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ àti odò rẹ̀.
8. Mú òkúta mẹ́ta wá láti agbègbè rẹ, ó kéré tán kí ọ̀kan jẹ́ yangí. Ṣàpèjúwe wọn, kí o sì sọ èyí tó ṣeé ṣe kí a rí irú rẹ̀ lórí Máàsì, pẹ̀lú ìdí tí o fi rò bẹ́ẹ̀.